Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ọmọ Ọmọ Yín Rìn Ládùúgbò Láìkánjú

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún méjì ni. Látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó dáadáa ni èmi àti ẹ̀ ti ń rìn ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Láti ẹnu géètì wa dé ìkòríta tí ìyá oníàkàrà ń jókòó sí, nǹkan bí igba ìgbésẹ̀ mi ni. Bí mo bá dá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pọ̀ jù. Bí mo bá mú un dání, àlọ àti àbọ̀ wa á gbà tó ìṣẹ́jú ogójì, ọjọ́ mìíràn á tó wákàtí kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni mo ń fi gbogbo àkókò yẹn ṣe lójú ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń fi ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe é tí ewu ò ní í wu yín.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣe ìṣọ́ra tiyín kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ti yan ọ̀nà dáadáa, tí ẹ sì mọ gbogbo ibi tí ewu sá pa mọ́ sí, ẹ ò ní máa pariwo "má fọwọ́ kàn án, yára, máa bọ̀" látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ á lè dúró wo ohun tó bá wù ú, ọkàn tiyín náà á sì balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá ọ̀nà náà rìn

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Ẹ nìkan ni kí ẹ rin ọ̀nà náà lọ, kí ẹ rìn ín bọ̀. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú yín lè wà níbi tí ojú ọmọ máa wà. Nígbà tí mo ṣe é, mo rí ìṣó mẹ́rin tó yọrí síta lára pákó tí àwọn tó ń kọ́lé gbé ti ògiri. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ pákó yẹn kọjá tí n kò rí wọn, torí pé ìsàlẹ̀ itan mi ni wọ́n wà. Ibi tí wọ́n wà gan-an ni ojú ọmọ ọdún méjì máa ń wà. Mo tún rí ihò lára ìdérí súkàwéè ilé kan, ẹsẹ̀ ọmọdé á wọ̀ ọ́ ṣọ́nṣọ́.

Ẹ wo kànga tí wọn ò dé. Ẹ wo gọ́tà tí síláàbù orí ẹ̀ ti fọ́, ajá tí wọn kì í so, àti àfọ́kù ìgò. Ẹ wo òkè náà, kí ẹ mọ ibi tí wáyà iná ti rọ̀ sílẹ̀. Ti wáyà yìí, wíwò ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Bí ìjì bá jà lóru, ẹ tún ọ̀nà yẹn lọ wò láàárọ̀ kí ọmọ tó fẹsẹ̀ kàn án. Bí ẹ bá rí wáyà nílẹ̀, ẹ pa dà sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹ má sọ pé iná ò sí o. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń mú iná dé lójijì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi ìsinmi méjì: ìloro ẹni tí ẹ mọ̀, abẹ́ igi mángòrò, bẹ́ǹṣì ẹni tó ń tajà. Ẹ̀yin lẹ máa nílò rẹ̀ ju ọmọ lọ. Mo bẹ bàbá télọ̀ tó wà ní ìdajì ọ̀nà wa, wọ́n fi àpótí kan sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn. Orúnkún mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí di òní.

Àkókò tó dáa

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ má jáde láàárín aago méje sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìgbà yẹn ni ọlọ́kadà ń kó ọmọ ilé ìwé mẹ́ta mẹ́ta, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń já gbà inú àdúgbò kí ó má bàa wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló bá wa lára mu jù. Ọmọ ti jẹun, ara ti yá, títì ti dá, oòrùn ò sì tíì le. Kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ ti wà nílé. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, láti aago márùn-ún dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lọ́wọ́. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà máa ń jẹni jù, ìgbà tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣòkòtò gígùn ni kí ẹ wọ̀ fún un nírọ̀lẹ́.

Ọmọ tí oorun ń kùn kì í ṣe ọmọ à ń mú rìn. Ẹ jẹ́ kó sùn, kó jí, kó mu omi. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi òrí pa á létè àti lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí ó bá sì ń wúkọ́ lọ́jọ́ tí eruku bo ojú sánmà, ẹ jókòó sílé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ó kéré tán, ó yẹ kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa fi ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́ rìn, kó sáré, kó ṣeré, díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ìrìn tiwa yìí ń bá ọmọ san díẹ̀ nínú gbèsè yẹn. Fún àwa tí a ti lé ní ọdún 65, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló kéré jù tí wọ́n ní ká máa fi ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀. Ẹ má ka ìrìn ọmọdé mọ́ iye yẹn o, kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Àfi ọjọ́ tí ẹ bá pọ̀n ọ́n gun òkè bọ̀ wálé.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Báàgì kékeré kan tó ṣe é gbé kọ́ èjìká ti tó, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo. Omi tí ẹ ti sè tó ti tutù, nínú ife ọmọ tó ní ìdérí. Aṣọ ìnura kékeré kan, pampas kan, àti ọ̀já. Fìlà tó ń bo etí. Fóònù yín, kí ẹ ti fi í sínú báàgì kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kó sì máa gbé níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá ọmọ sórí bébà, ẹ fi sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síta lára báàgì tàbí aṣọ, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí má bàa máa pè é lórúkọ.

Sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn ni kí ẹ wọ̀ fún un. Silípáàsì máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọdé, ó sì lè ti ibẹ̀ ṣubú. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán la fi dàgbà, àmọ́ irú aràn kan wà nínú ilẹ̀ ọ̀rinrin tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọ ara. Ẹ béèrè oògùn aràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á sọ iye tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin náà, ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó mú ṣúgà tàbí súwíìtì díẹ̀ sápò. Bí òòyì bá kọ́ yín lójú ọ̀nà, ẹ má dúró gbọin máa fọwọ́ wá ògiri. Ẹ jókòó sílẹ̀ níbi tí ẹ bá wà, kí ẹ fi ọmọ sáàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì, kí ẹ di aṣọ rẹ̀ mú, kí ẹ wá pe ẹni tó bá ń kọjá.

Ọkọ̀ àti gọ́tà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tó bọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà, mo rántí bí àwọn olùkọ́ wa ṣe ń tún un kọ́ wa lójoojúmọ́. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí ìyẹn sì pọ̀ jù ní àdúgbò wa, apá òsì ni kí ẹ máa gbà, kí ẹ lè kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá yín. Ọkọ̀ tó bá ti ẹ̀yìn wá lójijì, ẹ ò ní í rí i títí tó fi máa dé.

Wàyí o, bí ẹ bá gba apá òsì, ọkọ̀ wà lọ́tùn-ún yín, gọ́tà wà lósì. Apá wo lẹ máa fi ọmọ sí? Mo rò ó títí. Òsì ni mo máa ń fi í sí, lápá gọ́tà, torí gọ́tà kì í rìn wá bá èèyàn, ọkọ̀ ló ń rìn wá báni. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi ààyè tó tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ láàárín ọmọ àti ẹnu gọ́tà. Níbi tí ààyè ò bá ti tó bẹ́ẹ̀, mo á gbé e títí a ó fi kọjá. Bí ọmọ bá sunkún pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ibi tí gọ́tà bá ti parí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ìrìn ò sí mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé, gbé ọkọ̀, gbé èèyàn lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú. Ẹni tó bá fojú rí méjèèjì kì í fojú kékeré wo àgbàrá. Gọ́tà tó gbẹ táútáú nígbà tí ẹ ń lọ lè kún dé ẹnu kí ẹ tó pa dà.

Ẹ wá gbọ́ nípa dídi ọwọ́ mú. Ẹ má fún ọmọ ní ìka kan kó dì í mú, torí ìgbà tó bá wù ú ló máa jù ú sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú, kí ìka yín yí i ká. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ kan fà á sókè láéláé. Èmi ṣe é rí. Omi òjò dá sílẹ̀ níwájú wa, mo sì ní kí n ràn án lọ́wọ́ kó fò ó. Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo fà á sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún kó tó balẹ̀. Nígbà tí ẹkún rẹlẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ náà kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo na bisikíìtì sí i, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á. Mo gbé e sápá òsì, ó yí gbogbo ara rẹ̀ pa dà láti fi ọ̀tún gbà á. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó yí ọwọ́ náà díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sókè, ó parí. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ọwọ́ òsì já gíláàsì ojú mi. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé iṣan tó de eegun ní ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé ò tíì le, àti pé bí a bá fà á lójijì, eegun á yọ díẹ̀ lábẹ́ iṣan náà. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọwọ́ àwa tá a fẹ́ràn wọn ló sì ti ń wá jù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ sókè, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ abíyá rẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọ bá sì ń fì bí ti ọmọ mi, ẹ má wá ẹni tó máa fi òróró wọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ti sísọdá títì ńlá, ẹ gbé e tàbí kí ẹ pọ̀n ọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ọmọ ọdún méjì ò lè mọ bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó tàbí bó ṣe ń sáré tó. Ní títì kékeré, ẹ dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ sọ ọ́ síta: "Ṣé ọkọ̀ ń bọ̀? Rárá. Ó yá." Ẹ wo apá méjèèjì kódà bí ọkọ̀ ò bá gbọdọ̀ gba apá kan wá. Ọ̀kadà kì í mọ ìyẹn.

Nígbà tí ọmọ bá dúró

Á dúró. Kò ní tíì rìn tó ogún ìgbésẹ̀ tí á fi dúró. Bí ẹ bá ti yẹ ibẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ tí ẹ mọ̀ pé kò sí ewu, ẹ jù ú lọ́wọ́ sílẹ̀, kí ẹ dúró tì í.

Lẹ́bàá odi ilé kan ládùúgbò wa, patanmọ́ hù níbẹ̀. Mo ti kọjá lára ẹ̀ láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ tí ọmọ rí i, ó lóṣòó, ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó kan ewé kan. Ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé ní méjì méjì láti ibi tó fọwọ́ kàn, bí ìgbà tí èèyàn ń pa ìwé dé, ẹ̀ka rẹ̀ sì dorí kodò. Ọmọ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wò mí lójú. Mo ní, "Patanmọ́ nìyẹn. Ó ti sùn." Ó jókòó sórí yanrìn, ó ń dúró dè é. Mo lọ jókòó sórí àpótí bàbá télọ̀. A dúró tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí ewé náà tó tún là. Ọmọ na ọwọ́ sí i, ó pariwo, "Ó ti jí!" Látọjọ́ yẹn, a ò lè kọjá níbẹ̀ láìkí i. Ẹ kàn kíyè sí i pé patanmọ́ ní ẹ̀gún lára igi, ewé nìkan ni kí ẹ kọ́ ọmọ láti máa fọwọ́ kàn.

Iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni pípe orúkọ. Alángbá tó ń mi orí lórí ògiri, ìjàlọ tó tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kùn, ìgbín, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ ohun kan tó ń ṣe, kí ẹ dákẹ́. "Alángbá ń mi orí." Ó ti tó. Ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò pé "kí lorúkọ ẹ̀? sọ ọ́ kí n gbọ́." Bó bá pẹ́, òun fúnra ẹ̀ á sọ ọ́. Mo ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gba ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970 gbọ́ tọkàntọkàn, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọmọ tó mọ orúkọ ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ ti ní ibi tó máa gbé ẹ̀kọ́ yòókù lé. Ní kíláàsì ni mo ti rí i.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Lápálápá tí wọ́n máa ń fi ṣe ọgbà, májèlé ni èso rẹ̀, ó sì jọ ohun jíjẹ lójú ọmọdé. Ẹ mọ ibi tí wèrèpè àti èsìsì wà, kí ẹ yà fún un. Àgbébọ̀ tó bá ń kó ọmọ kiri máa ń fo mọ́ èèyàn, ojú ọmọdé ló sì sún mọ́ ọn jù. Ti ajá, kódà ajá tí ẹ mọ̀, ẹ gbé ọmọ sókè títí tí ajá fi máa kọjá. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, bó ti wù kí ojú ibẹ̀ kéré tó, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wò bóyá ajá náà ní dìgbòlugi. Bí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kíkí àti ohun tí wọ́n bá fún ọmọ

Ojú ọ̀nà ni ọmọ ti ń mọ bí a ṣe ń kí èèyàn. Ẹ má tì í lórí pé "dọ̀bálẹ̀, dọ̀bálẹ̀" níwájú gbogbo ayé. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, kí ó máa gbọ́. Bí a bá dé ìsọ̀ onídìrí, mo á ní "Ojú gbooro o," wọ́n á sì dáhùn pé "Òòyà á yà o." Tí a bá dé ọ̀dọ̀ ìyá oníàkàrà, "Ajé á wọgbá o." Fún bàbá télọ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti ìyá oníàkàrà ń sọ̀rọ̀ lọ, ni a bá rí ọmọ tó ti na gbogbo ara sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí yanrìn, tó ń retí kí wọ́n súre fún òun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi lójú. Ẹ ṣọ́ra fún epo gbígbóná tiwọn o, ọ̀ọ́kán ni kí ẹ dúró, kí ọwọ́ ọmọ má tó agbada.

Wọ́n á fún ọmọ ní nǹkan. Inú èèyàn máa ń dùn láti fún ọmọdé, ẹ má kọ̀ ọ́ lójú wọn. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó dúpẹ́, kí ẹ wá bá a tọ́jú ẹ̀ sínú báàgì. Ẹ̀pà, gúgúrú, súwíìtì líle, àti kóró àgbálùmọ̀ ò dára fún ọmọ ọdún méjì, wọ́n máa ń há ọmọdé lọ́fun, pàápàá bó bá ń rìn tàbí tó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Àkàrà tó ti tutù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, kó jókòó kó jẹ ẹ́.

Bó bá ní òun ò rìn mọ́

Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí ẹ pa dà nígbà tó ṣì ń ṣeré. Ẹ má dúró kó rẹ̀ ẹ́ tán. Síbẹ̀, ọjọ́ kan á dé tó máa jókòó sílẹ̀ gbagidi.

Ọmọ ọkùnrin ọdún méjì sábà máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 12. Ẹ̀yìn àgbà kì í fẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ gbé irú ẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo á mú un gun orí pèpéle tàbí àtẹ̀gùn ilé kan, mo á kẹ́yìn sí i, mo á ní "ó yá, gun ẹ̀yìn màmá." Òun á fọwọ́ di èjìká mi mú, mo á fa ọ̀já yí i, mo á dì í. N kò ní í bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin bàbá àgbà tí kì í pọ̀nmọ, ẹ gbé e sí ìgbáròkó láti orí pèpéle kan náà. Bí ẹ̀yìn yín bá ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ pe ẹlòmíì láti ilé kó wá bá yín.

Nígbà mìíràn, ẹkún ìbínú ni. Ó fẹ́ kó ìdọ̀tí, ẹ ò gbà, ó fi ara lélẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lójú títì, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ ohun tó ń bí i nínú fún un: "O fẹ́ mú ìgò yẹn. Ìgò máa gé ẹ lọ́wọ́." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé gbọ́mọgbọ́mọ ń bọ̀, tàbí pé ẹ máa fi í sílẹ̀ lọ. Ó gbà yín gbọ́. Ohun tí ẹ bá sọ ló máa gbé sùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ lọ bá wọn tọ́jú ọmọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Apá òsì ni ọkọ̀ wọn ń gbà, nítorí náà níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá ọ̀tún ni kí ẹ máa rìn. Lóṣù Kejìlá, ilẹ̀ máa ń ṣú ní London láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ jáde ní ọ̀sán, kí ẹ sì wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Ẹ má torí pé ẹ wà lókèèrè kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ sílé. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ nínú páàkì wọn, ẹyẹlé sì kún ojú títì. Ẹ pe orúkọ wọn fún ọmọ.

Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ, kí ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ẹ fún un lómi, kí ẹ̀yin náà mu omi, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé àpótí fún ìgbà díẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ ròyìn ohun tó rí. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yọ, ẹ mú un dání díẹ̀: "Ta la rí lórí ògiri?" Ti ọmọ mi kì í tíì dáhùn tí á ti máa mi orí sókè sódò.

Kí ẹ tó ju aṣọ rẹ̀ sómi, ẹ ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò náà. Lánàá, mo bá òkúta mẹ́ta níbẹ̀, ìdérí ìgò kan, ìyẹ́ adìyẹ, àti ewé patanmọ́ tó ti rọ. Mo kó gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì tó wà lójú fèrèsé mi, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò bó bá jí.